Báínókúlà fún Wíwo Ẹyẹ: Ta Ló Ń Yan Ohun Tí À Ń Rí Rà?

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta báínókúlà fún wíwo ẹyẹ yóò rí i pé nọ́ńbà méjì ló gba àtẹ kan: 8x42 àti 10x42. Orúkọ ilé-iṣẹ́ lè yàtọ̀, àwọ̀ lè yàtọ̀, owó ọ̀kan lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá owó èkejì, síbẹ̀ nọ́ńbà méjì yìí náà ni. Bí ó bá wá béèrè 7x42, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà nínú wíwo ẹyẹ fi ọdún púpọ̀ yìn, ó lè wá a títí kó má rí ẹyọ kan. Ìbéèrè tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nìyí: ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ ni kò fẹ́ ṣe é mọ́ ni, àbí àwọn oníbàárà ni kò fẹ́ rà á?

Èrò mi ni pé àwọn méjèèjì ló ń ti ara wọn síwájú. Oníbàárà ń yan nínú ohun tó bá lórí àtẹ. Ilé-iṣẹ́ náà ń kó sórí àtẹ ohun tó rí i pé ó yá lọ́jà lọ́dún tó kọjá. Ohun tó bá fi díẹ̀ sẹ́yìn nínú ìyípo yìí kì í pẹ́ pòórá, ó sì lè jẹ́ pé kò sí àbùkù gidi kan lára rẹ̀. Kí a tó lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tí àwọn nọ́ńbà ara báínókúlà, tí mo ń pè ní awò, ń sọ, àti ohun tí wọn kò lè sọ.

Nọ́ńbà méjì, àti ẹ̀kẹta tí wọn kì í kọ

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí awò ń sún nǹkan mọ́ wa. Bí ẹyẹ bá wà ní 80 mítà, awò 8x yóò jẹ́ ká rí i bí ìgbà tó wà ní 10 mítà. Nọ́ńbà kejì ni fífẹ̀ dígí iwájú, ní mìlímítà. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí a bá fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ pín èkejì, a ó rí nọ́ńbà kẹta tí wọn kì í sábà kọ sára awò, ìyẹn bí òbìrí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ojú wa ṣe fẹ̀ tó. Ti 8x42 jẹ́ 5.25 mìlímítà, ti 10x42 jẹ́ 4.2, ti 7x42 sì jẹ́ 6 gééré.

Ọmọlójú wa ló ń pinnu bóyá gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn wúlò. Nínú oòrùn ọ̀sán, ọmọlójú máa ń sún kì dé bíi 2 sí 3 mìlímítà. Nínú òkùnkùn, ti ọ̀dọ́ lè là tó 7, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ju nǹkan bíi 5 lọ mọ́. Bí omi ẹ̀rọ bá gbòòrò ju ẹnu ìgò lọ, èyí tó kù á ṣàn dànù sí ẹ̀gbẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ̀ ju ọmọlójú lọ. Nítorí náà, lọ́sàn-án gangan, 7x42 kò mọ́lẹ̀ ju 8x42 lọ lójú ẹnikẹ́ni. Ní ìdájí tàbí ní àṣálẹ́ ni ìyàtọ̀ lè yọ, àgàgà fún ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré.

Ṣùgbọ́n òbìrí tó fẹ̀ ní àǹfààní mìíràn tí kò ní í ṣe pẹ̀lú mímọ́lẹ̀ rárá, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Bí òbìrí náà bá fẹ̀ ju ọmọlójú lọ dáadáa, ojú kò ní láti wà ní ojú ibi kan pàtó kó tó ríran. Ẹyẹ kékeré fò kọjá láàárín ewé, a gbé awò sójú kíákíá, ọwọ́ kò tíì dúró, ojú kò tíì bọ́ sí àárín dígí, síbẹ̀ a ti ń rí ẹyẹ náà. Pẹ̀lú òbìrí tóóró, òjìji dúdú ló máa kọ́kọ́ bo ojú, tí a ó máa sún awò sọ́tùn-ún sósì títí ẹyẹ yóò fi lọ. Ìrọ̀rùn yìí kò ní nọ́ńbà tí wọ́n lè kọ sára páálí. Ohun tí kò bá sì ní nọ́ńbà kì í rọrùn láti tà.

Nọ́ńbà kan tún wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń kọ sínú ìwé àlàyé, tí wọ́n ní ó ń sọ bí awò ṣe wúlò tó nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Wọ́n á sọ nọ́ńbà méjèèjì ara awò di púpọ̀ fún ara wọn, wọ́n á wá gbòǹgbò onílọ́po méjì ohun tó bá jáde. Ti 8x42 jẹ́ 18.3, ti 10x42 jẹ́ 20.5. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé 10x42 ló dára jù láṣálẹ́. Ẹ wá wo awò kékeré kan tó jẹ́ 20x21: òun náà yóò fún wa ní 20.5 gẹ́lẹ́, nítorí 20 lọ́nà 21 àti 10 lọ́nà 42, 420 ni àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ òbìrí ìmọ́lẹ̀ 20x21 fi díẹ̀ ju mìlímítà kan lọ ni, òkùnkùn ni ẹni tó bá gbé e sójú nírọ̀lẹ́ yóò máa wò. Ìṣirò náà kò purọ́ o. Nǹkan kékeré kan ló ń wọ̀n, ó sì di dandan ká fi nọ́ńbà òbìrí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó ní ìtumọ̀. Kò sì sọ ohunkóhun nípa bí dígí inú awò ṣe dára sí, torí náà awò tí kò níye lórí àti awò olówó gọbọi lè gba nọ́ńbà kan náà.

Nídìí àtẹ

Ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń ra awò. Oníbàárà gbé 8x42, ó wo lẹ́tà tó wà lára ògiri ọ̀hún. Ó gbé 10x42 ti ilé-iṣẹ́ kan náà, ó wo lẹ́tà yẹn. Lẹ́tà tóbi sí i. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èwo ni yóò mú? Ìdánwò tó ṣe yìí kì í ṣe ìdánwò tó burú, ó kàn kúrú ni. Ògiri kò fò, iná mọ́lẹ̀ dáadáa, ìṣẹ́jú kan péré ló sì fi di awò náà mú.

Ohun tí kò lè rí níbẹ̀ ni bí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe máa gbọ̀n lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta nínú igbó. Bí awò ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá di 10x mú láìsí ẹsẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀ kì í rí ìyẹ́ ẹyẹ kedere tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí àwòrán náà kò dúró. Ibi tí a ń rí lẹ́ẹ̀kan náà tún kéré sí i: nínú awò NL Pure tí ilé-iṣẹ́ Swarovski ṣe jáde ní 2020, ẹni tó mú 8x42 yóò rí ibi tó fẹ̀ tó 159 mítà ní ìwọ̀n 1,000 mítà síwájú, ẹni tó mú 10x42 yóò rí 133. Nínú igbó tí ẹyẹ ti ń fò láti ẹ̀ka sí ẹ̀ka, mítà 26 yẹn ló ń sọ bóyá a ó tètè bá ẹyẹ tàbí a ó máa wá a kiri.

Èyí kò túmọ̀ sí pé 10x kò dára. Ẹni tó ń wo ẹyẹ etí òkun tàbí àwọn àṣá tó ń rà bàbà lókè réré nílò ìsúnmọ́ yẹn gan-an, ibi tó gbalasa kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò fífẹ̀ ìwò. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan ṣoṣo tí yóò lò níbi gbogbo, 8x ni mo máa ń sọ pé kó mú, mi ò sì tíì rí ìdí láti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú ọ̀rọ̀ ọjà, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní agbára. Ta ni yóò fẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ kéré?

Ohun tó gba 7x42 lọ́wọ́ wa

Kì í ṣe pé wọn kò ṣe 7x42 rí. Zeiss ṣe Dialyt 7x42, tí ó ń fi ibi tó fẹ̀ tó 150 mítà hàn ní 1,000 mítà, tí àwọn kan ṣì ń wá lọ́jà àlòkù títí dòní. Leica ṣe tirẹ̀, Swarovski ṣe tirẹ̀ nínú ọ̀wọ́ awò SLC, Nikon náà ṣe é nínú ọ̀wọ́ EDG. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn awò ńlá tó jáde lẹ́yìn ìyẹn: Victory SF ti Zeiss ní 2014, Noctivid ti Leica ní 2016, NL Pure ti Swarovski ní 2020. Kò sí 7x42 nínú ọ̀kankan. Nígbà tí Swarovski tilẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀kẹta kún 8x42 àti 10x42, 12x42 ló yàn.

Ìdí àkọ́kọ́ jẹ́ ti owó. Awò 8x42 àti 10x42 ti ilé-iṣẹ́ kan sábà máa ń jọ pín ara kan náà: mọ́ọ̀dù kan, lẹ́ǹsì iwájú kan, pírísíìmù kan (dígí onígun inú awò tó ń dá àwòrán padà sípò). Apá ẹ̀yìn, ibi tí a ń gbójú lé, ni wọ́n ń yí padà. Nítorí náà wọ́n ń fi iṣẹ́ kan ta ọjà méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ fi hàn pé iye tí yóò tà tó láti sanwó fún lẹ́ǹsì tuntun, fún páálí tuntun, fún àyè lórí àtẹ.

Ìdí kejì wà nínú ìmọ̀ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, àwọn ènìyàn kì í sì í sábà sọ ọ́. Pírísíìmù ní ìwọ̀n, kò lè jẹ́ kí àwòrán tó fẹ̀ ju bó ṣe mọ lọ kọjá. Bí a bá fi pírísíìmù kan náà ṣe 8x àti 7x, fífẹ̀ ibi tí 7x lè fi hàn kò ní lè fi púpọ̀ ju ti 8x lọ, ṣùgbọ́n ohun gbogbo inú rẹ̀ yóò kéré lójú. Àbájáde rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbé 7x sójú yóò rí àwòrán róbótó kan láàárín òkùnkùn tó fẹ̀, nígbà tí 8x yóò kún gbogbo ojú rẹ̀. Dialyt 7x42 yẹn, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ̀ jù, kún nǹkan bíi 60 dígírì lójú ẹni tó ń wò ó. Àwọn 8x42 tuntun tó dára jù ti ré kọjá 65. Nídìí àtẹ, ìyàtọ̀ yẹn hàn gbangba láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, oníbàárà á sì gbé 7x sílẹ̀.

Kí wọ́n tó lè wo èyí sàn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi pírísíìmù tó tóbi sí i sínú 7x. Awò yóò wúwo, mọ́ọ̀dù yóò yàtọ̀, owó yóò gòkè, fún ọjà tí ẹni díẹ̀ ń béèrè. Ẹ tún wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àǹfààní tí 7x ń fọ́n fèrè rẹ̀ jù: 8x42 ti NL Pure ń fi 159 mítà hàn, ó fi mítà 9 ju Dialyt 7x42 lọ. Fífẹ̀ ìwò tó jẹ́ ogún 7x tẹ́lẹ̀, 8x ti gbà á. Nítorí náà mi ò lè dá àwọn ilé-iṣẹ́ lẹ́bi pátápátá. Ohun tó kù fún 7x ni ìdúróṣinṣin ọwọ́ àti òbìrí tó fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nyí gan-an ni ohun tí ìṣẹ́jú kan nídìí àtẹ kò lè fi hàn.

Awò eléjìká àti awò olórùlé

Lẹ́ǹsì iwájú máa ń dojú àwòrán dé, ó sì ń gbé ọ̀tún sí òsì. Pírísíìmù ló ń dá a padà sípò. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí Ignazio Porro, ará Ítálì, gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1854, tí Zeiss ní Jámánì sì sọ di ọjà ní 1894. Òun ni awò tí èjìká rẹ̀ yọ síta, tí dígí iwájú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ju ojú wa lọ. Ti èkejì ni pírísíìmù olórùlé, tí ojú rẹ̀ méjì pàdé bí òrùlé ilé, èyí tó jẹ́ kí awò náà tọ́ gbọọrọ láti ẹ̀yìn dé iwájú. Olórùlé ló kún ọjà lónìí.

Bí a bá ní ká fi dígí nìkan ṣe ìdájọ́, eléjìká ni ì bá borí lórí owó kékeré. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú pírísíìmù Porro ń ta padà láìku ẹyọ kan, láìsí pé wọ́n fi ohunkóhun pa á lára. Nínú irú olórùlé tó wọ́pọ̀ jù, ojú kan wà tí ìmọ́lẹ̀ kì í ta padà tán níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi alumíníọ̀mù, fàdákà tàbí ìpele tín-ín-rín mìíràn pa á bíi dígí ìwojú. Òrùlé náà tún ń pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì, apá méjèèjì kì í sì í bára mu dáadáa tí wọ́n bá tún pàdé, àwòrán á wá ṣe bàìbàì díẹ̀. Ní 1988 ni Zeiss gbé ìpara tó ń tún ìyẹn ṣe jáde. Kí etí òrùlé náà tó lè mú gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, iṣẹ́ ọwọ́ tó gba sùúrù ni. Gbogbo èyí, oníbàárà ló ń san owó rẹ̀ kó tó kan lẹ́ǹsì rárá.

Kí ló wá dé tí olórùlé fi borí? Ó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó rọrùn láti so mọ́ àyà, ó sì rọrùn láti dí kí omi má wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ eléjìká, apá ẹ̀yìn ló ń yọ síwá-sẹ́yìn nígbà tí a bá ń wá ojú ìwòran, tí afẹ́fẹ́, eruku àti ọ̀rinrin ń bá a wọlé. Nínú olórùlé, lẹ́ǹsì inú ló ń sún, ìta kò mì. Àwọn tó ń wo ẹyẹ ń rìn nínú òjò àti ìrì. Ohun tí wọ́n béèrè nìyí, ohun tí wọ́n sì fún wọn nìyí. Habicht ti Swarovski jẹ́ eléjìká tí omi kì í wọ̀, ṣùgbọ́n nítorí dídí yẹn, àgbá rẹ̀, èyí tí a fi ń wá ojú ìwòran, le láti yí. Nikon ṣe E II 8x30, eléjìká kékeré tó ń fi ibi tó fẹ̀ tó 154 mítà hàn, iye tí ọ̀pọ̀ olórùlé olówó ńlá kò dé. Omi lè wọ inú rẹ̀, òjò kan péré lè bà á jẹ́. Ẹni tí kì í rìn nínú òjò, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ó yẹ kó wo eléjìká dáadáa kó tó gba olórùlé olówó pọ́ọ́kú, nítorí nínú olórùlé tí kò wọ́n ni gbogbo ìnira tí mo kà sókè yìí ti ń hàn jù.

Ọdẹ wà nínú ìṣirò náà

Ó máa ń ya àwọn tó ń wo ẹyẹ lẹ́nu tí wọ́n bá gbọ́ pé kì í ṣe àwọn nìkan ni ilé-iṣẹ́ ní lọ́kàn. Zeiss, Leica àti Swarovski ń tà fún ọdẹ pẹ̀lú, ohun tí ọdẹ sì fẹ́ kò bá tiwa mu níbi gbogbo. Ọdẹ tó ń jókòó de ẹran ní àṣálẹ́ fẹ́ 8x56, tí òbìrí rẹ̀ tó 7 mìlímítà. Kò kà á sí bó bá wúwo. Ó fẹ́ kí àgbá ìwòran máa yí jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń wo ẹyẹ fẹ́ kó yára, torí ẹyẹ lè wà ní 5 mítà báyìí kó sì wà ní 50 kí a tó ṣẹ́jú.

Níbi wíwo ohun tó súnmọ́ ni àwọn tó ń wo ẹyẹ ti jàre. Dialyt àtijọ́ kò lè rí ohun tó bá súnmọ́ ju nǹkan bíi mítà 3 lọ kedere. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo labalábá àti lámilámi pẹ̀lú awò ẹyẹ wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ sún ibẹ̀ wá: NL Pure dé mítà 2, Victory SF dé mítà kan ààbọ̀. Pentax tilẹ̀ ṣe Papilio, tó ń rí ohun tó wà ní ààbọ̀ mítà, nípa mímú kí lẹ́ǹsì iwájú méjèèjì máa súnmọ́ ara wọn bí a ṣe ń yí àgbá. Kò sí ọdẹ tó béèrè fún ìyẹn. Inú mi ń dùn sí awò kékeré yìí gan-an, nítorí ó fi hàn pé ìfẹ́ àwọn díẹ̀ lè di ọjà bí ohun tí wọ́n ń béèrè bá ṣe kedere.

Ìwúwo náà ti ń yí padà. Victory SF 8x42 ń sún mọ́ 800 gíráàmù. Ní 2022 Zeiss gbé SFL 8x40 jáde, ó jẹ́ 640. Wọ́n yọ mìlímítà 2 kúrò nínú dígí iwájú, wọ́n sì mú lẹ́ǹsì inú rẹ̀ tín-ín-rín. Ìgboyà ló gbà láti kọ 40 sára awò nígbà tí gbogbo ọjà ń kọ 42, mo sì gbà pé ọ̀nà tó dára ni wọ́n tọ̀.

Ibi tí owó ń lọ, àti lẹ́tà tí kò ní ìwọ̀n

Ojú dígí kan tí a kò fi ohunkóhun pa ń dá nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Nínú awò, ìmọ́lẹ̀ ń gba irú ojú bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá. Bí a kò bá fi ìpara kankan sí mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ ti sọnù kó tó dé ojú wa. Ibẹ̀ ni owó ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ gidi: ìpara tó dára lórí gbogbo ojú dígí, pírísíìmù tó péye, lẹ́ǹsì méjèèjì tó dọ́gba sí ojú kan. Láti awò tí kò níye lórí dé àárín, ìyàtọ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni. Láti àárín dé òkè, ìyàtọ̀ ń kéré, owó ń fò.

Nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sára awò, ED túmọ̀ sí pé wọ́n lo dígí tí kì í jẹ́ kí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tú ká púpọ̀, èyí tó ń dín àwọ̀ elésè àlùkò tàbí ewéko tó máa ń yọ létí ẹ̀ka igi lójú sánmà kù. Kò sọ iye dígí bẹ́ẹ̀ tó wà nínú awò náà. HD kò ní ìwọ̀n tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí rárá. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àti pé orúkọ tó wà lára awò kì í ṣe orúkọ ẹni tó ṣe é nígbà gbogbo. Kamakura ní Japan, àti àwọn ilé-iṣẹ́ ní Kunming ní Ṣáínà, ń ṣe awò tí àwọn ẹlòmíràn ń tà lórúkọ tiwọn. Ìdí nìyí tí awò méjì fi lè jọra bí ìbejì, tí ọ̀kan sì wọ́n ju èkejì lọ. Kì í ṣe ẹ̀tàn dandan, torí ẹni tó ní orúkọ lè béèrè fún dígí tó dára jù tàbí àyẹ̀wò tó le jù, ó sì lè fi àtúnṣe ọ̀fẹ́ tì í lẹ́yìn. Béèrè nípa àtúnṣe náà.

Ọ̀ràn ìfẹ́ ojú tún wà. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn àwòrán tó mọ́ kedere láti àárín dé etí, tí ìlà tó tọ́ sì wà ní títọ́, nítorí ó wuni gan-an tí wọ́n bá wo férémù ilẹ̀kùn. Swarovski fi lẹ́ǹsì tó ń ṣe èyí sínú EL, ọ̀pọ̀ sì yìn ín. Ṣùgbọ́n tí ìlà bá tọ́ jù, ẹni tó bá fi awò yí kiri lè rí ilẹ̀ bí ẹni pé ó ń yí lórí bọ́ọ̀lù ńlá kan, orí àwọn mìíràn sì máa ń yí. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀ ni àwọn aṣe-awò fi máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìlà tẹ̀ díẹ̀ létí. Kò sí èyí tó tọ́ fún gbogbo ojú. Ẹ fi awò yí kiri fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ má kàn wo ibi kan.

Ohun tí wọ́n fún wa, ohun tí wọn kò tíì fún wa

Láti 1995 ni Canon ti ń ta awò tó ń fi bátìrì dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ yóò rí ìyẹ́ ẹyẹ tí 10x lásán kò lè fi hàn án. Lójú mi, ó wo àìsàn tí gbogbo ìfẹ́ 10x ń fà sàn gan-an. Síbẹ̀ àwọn tó ń wo ẹyẹ kò rọ́ tọ̀ ọ́, torí ó sanra, ó ń jẹ bátìrì, kò sì rọ̀ mọ́ ọwọ́. Ní 2024 Swarovski gbé AX Visio jáde, 10x32 tó ní kámẹ́rà nínú, tó ń dárúkọ ẹyẹ fún ẹni tó ń wò ó pẹ̀lú ìmọ̀ tó wà nínú Merlin, áàpù ìdámọ̀ ẹyẹ ti Cornell Lab, ilé ìwádìí ẹyẹ ní Amẹ́ríkà. Ó wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ. Ìyẹn ni ibi tí owó ìwádìí ń lọ báyìí.

Àwọn kan sì wà tí ojú ọjà kò tíì rí dáadáa. Ẹni tó ń wọ gíláàsì ojú nílò àyè tó tó nǹkan bíi 16 mìlímítà láàárín lẹ́ǹsì ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, etí àwòrán yóò gé kúrò, owó tó san fún fífẹ̀ ìwò á sì ṣòfò. Ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra tún wà, àwọn ọmọdé àti àwọn àgbà mìíràn, tí àlàfo ọmọlójú wọn kò tó 56 mìlímítà. Ọ̀pọ̀ awò 42 kì í pa dé ibẹ̀, nítorí ara wọn ti nípọn jù kí ọ̀pá méjèèjì tó lè súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Òbìrí méjì ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa rí, yóò sì rò pé òun ni kò mọ awò lò. Iye tó kéré jù tí awò lè pa dé wà nínú ìwé àlàyé rẹ̀, lábẹ́ ìwúwo àti gígùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sábà kà dé. Kí ẹ tó béèrè bóyá 8x ni tàbí 10x, ẹ wo ibẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á bí kò bá bá ojú yín mu, nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu oníbàárà ni wọ́n ń kó padà lọ bá àwọn tó ń ṣe é.